Ta Ló Ń Wárí fún Ta? Àlàyé lórí Ìdọ́gba nínú Àjọṣe Ẹ̀dá

Ká sọ pé ìjọba méjì ń fún àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ní iye owó kan náà lóṣooṣù. Lọ́dọ̀ ìjọba àkọ́kọ́, owó náà á wọ báǹkì gbogbo ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i, ó parí. Lọ́dọ̀ ìkejì, ẹni tó fẹ́ gbà á yóò kọ́kọ́ tò. Nọ́ńbà ni wọ́n á fi pè é, kì í ṣe orúkọ. Yóò dúró níwájú gíláàsì, yóò ka gbogbo ibi tó ti wáṣẹ́ tí wọn kò gbà á, yóò sọ ohun tó rò pé ó fà á, yóò tún sọ ẹni tí wọ́n jọ ń sùn nílé, kí òṣìṣẹ́ ìjọba lè mọ̀ bóyá ẹnì kan ti ń bọ́ ọ. Gbogbo ẹni tó tò sẹ́yìn rẹ̀ ló ń gbọ́. Nígbà tóṣù bá parí, iye tó wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn ìjọba méjèèjì dọ́gba rẹ́gí.

Ṣé àwọn èèyàn náà wá dọ́gba? Tó bá jẹ́ pé orí owó ni ìdọ́gba ti bẹ̀rẹ̀ tó sì parí sí, bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ ó ti lé ní ọdún 25 báyìí tí àwọn onímọ̀ ọgbọ́n orí ìṣèlú kan ti ń sọ pé ibi tí à ń wò kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Wọ́n ní ohun tí ìdọ́gba ń bá jà gan-an ni kí ẹnì kan máa gun orí ẹlòmíì: kí ẹnì kan máa pàṣẹ tí èkejì kò lè bi í pé kí ló dé, kí ohùn ẹnì kan máa ka, kí tèkejì máa bọ́ sílẹ̀. Iye tó wà lápò ṣe pàtàkì, àmọ́ nítorí ohun tó ń sọ àjọṣe àwọn èèyàn dà ló ṣe ṣe pàtàkì. Ọ̀rọ̀ yìí ló wà nídìí ọ̀pọ̀ awuyewuye tó ń lọ lóde òní, bóyá lórí owó ìrànwọ́ ni, lórí agbára ọ̀gá níbi iṣẹ́, tàbí lórí ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣọ́ òṣìṣẹ́ tó sì ń dá a dúró.

Ohun tí wọ́n ń takò nìyí. Lọ́dún 1971, John Rawls, onímọ̀ ọgbọ́n orí ọmọ Amẹ́ríkà kan, kọ ọ́ pé kò sẹ́ni tó ṣiṣẹ́ fún ilé tí wọ́n bí i sí tàbí fún ẹ̀bùn tó bá wáyé, nítorí náà kò yẹ kó jẹ́ ìyẹn ni yóò pinnu ìpín rẹ̀. Àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ mú gbólóhùn yìí, wọ́n sì fà á gùn. Nínú àpilẹ̀kọ méjì tí Ronald Dworkin gbé jáde lọ́dún 1981, ó ya oríburúkú sí méjì: èyí tó kàn já lu èèyàn, bí àìsàn tí wọ́n bí mọ́ ọn, àti èyí tó tinú ewu tí òun fúnra rẹ̀ dáwọ́ lé wá, bíi tẹ́tẹ́. Kí àwùjọ ṣàtúnṣe ti àkọ́kọ́, kí oníkálukú ru ẹrù ti èkejì. Lọ́dún 1989, G. A. Cohen àti Richard Arneson tún ọ̀rọ̀ náà gbọ́n yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́, kálukú lọ́nà tirẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pe gbogbo èyí ní ẹ̀kọ́ oríire.

Elizabeth Anderson, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ ọgbọ́n orí tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, ló dojú ìjà kọ ọ́ lọ́dún 1999. Ó mú awakọ̀ aláìbìkítà kan tí kò ra ìbánigbófò, tó wá fara pa yánnayànna nínú jàǹbá tí òun fúnra rẹ̀ fà. Bí a bá tẹ̀lé ẹ̀kọ́ oríire dópin, kò sí ìdí tó fi yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé e lọ sílé ìwòsàn: òun ló fọwọ́ fà á. Bákan náà ni ẹni tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti tọ́jú òbí tó ń ṣàìsàn. Òun ló yàn án, kó máa fara mọ́ òṣì tó bá tẹ̀yìn rẹ̀ yọ.

Ẹ̀sùn kejì ló gbóná jù. Anderson ní ká fojú inú wo àjọ ìjọba kan tó ń fi sọ̀wédowó ránṣẹ́, tí lẹ́tà sì bá a rìn. Kókó lẹ́tà tó lọ sọ́dọ̀ aláàbọ̀ ara ni pé àbùkù tí wọ́n bí mọ́ ọn ti mú kí ayé rẹ̀ má níye lórí tó ti ẹlòmíì, owó ìgbà-má-bínú rẹ̀ rèé. Ti ẹni tí wọ́n kà sí òmùgọ̀ sọ pé ẹ̀bùn rẹ̀ kò tó nǹkan, àwọn mìíràn kò sì ní fẹ́ san owó gidi fún un. Ẹni tí kò lẹ́wà náà gba tirẹ̀, pé ó mà ṣe o, pé kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ. Owó náà pé, irọ́ kankan kò sì sí nínú ìṣirò rẹ̀. Síbẹ̀, ta ni yóò gba irú lẹ́tà yẹn tí yóò rò pé wọ́n fi òun ṣe ẹgbẹ́? Àánú láti òkè ni, ẹni tó sì ń fi àánú wo èèyàn láti òkè ti kọ́kọ́ gbà pé òkè lòun wà.

Jonathan Wolff ti tọ́ka síbi kan náà lọ́dún 1998, ó sì lọ tààrà sí iwájú gíláàsì tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Kí ìjọba má bàa pe ẹni tí kò níṣẹ́ ní ọ̀lẹ, ó gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun wá iṣẹ́ títí, pé wọn kò gba òun, pé òun kò ní ẹ̀bùn tí ẹnikẹ́ni ń wá. Ohun tí èèyàn kì í fẹ́ sọ fún ara rẹ̀ pàápàá ni wọ́n ní kó fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ fún àjèjì. Bí ìjọba bá ṣe ń fẹ́ mọ ẹni tí owó tọ́ sí gan-an tó, bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè á ṣe máa pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ìtìjú á ṣe máa wọra sí i. Ibẹ̀ ni ètò náà ti ń dà rú mọ́ ara rẹ̀ lọ́wọ́: àwọn kan tí owó náà tọ́ sí kì í wá gbà á mọ́. Ohun tí wọ́n ṣe kí owó má bàa bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò tọ́ sí wá ń fo àwọn tó tọ́ sí.

Ẹ jẹ́ ká pe èrò Anderson àti Wolff yìí, pé àjọṣe èèyàn ni ìdọ́gba dá lé, ní ẹ̀kọ́ àjọṣe. Kí wá ni àwọn ẹlẹ́kọ̀ọ́ àjọṣe ń wá? Ọ̀nà mẹ́ta ni Anderson sọ pé àwọn kan ń gbà gun orí àwọn mìíràn. Àkọ́kọ́ ni àṣẹ: ẹnì kan lè pàṣẹ fún èkejì, kó sì fìyà jẹ ẹ́, láìjẹ́ pé ó gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ara rẹ̀ fún un. Èkejì ni iyì: àwùjọ ti pinnu ṣáájú pé irú èèyàn báyìí ló yẹ ní bíbọ̀wọ̀ fún, irú báyìí ló yẹ ní fífi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀kẹta ni ìkàsí: bí wọ́n bá ń ṣòfin tàbí tí wọ́n ń pín nǹkan, ìrora ẹnì kan wọ ìṣirò, ti ẹlòmíì kò wọ̀ ọ́. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sábà máa ń tọ̀ pọ̀, àmọ́ kò pọn dandan. Olówó lè wà nínú ẹ̀yà tí gbogbo ìlú ń tẹ́ńbẹ́lú. Owó rẹ̀ kò ní kó má dìde lórí àga fún ẹni tí kò lówó tó o.

Ẹjọ́ kan wà tó fi èyí hàn kedere. Lọ́dún 1963, ní ìlú Gadsden, ìpínlẹ̀ Alabama, agbẹjọ́rò ìjọba ń bi obìnrin adúláwọ̀ kan tó ń jẹ́ Mary Hamilton ní ìbéèrè nílé ẹjọ́. “Mary” ló ń pè é. Nílé ẹjọ́ ìhà gúúsù Amẹ́ríkà nígbà náà, wọ́n á pe aláwọ̀ funfun ní “Miss” tàbí “Mr.” mọ́ orúkọ ìdílé rẹ̀, wọ́n á sì pe adúláwọ̀ ní orúkọ àbísọ gbalasa, bí ìgbà tí wọ́n ń pe ọmọdé. Hamilton ní òun kò ní dáhùn àfi tí wọ́n bá pe òun bó ṣe yẹ. Adájọ́ ní ó tàbùkù ilé ẹjọ́, ó sì dá ẹ̀wọ̀n ọjọ́ márùn-ún àti owó ìtanràn 50 dọ́là fún un. Ọdún 1964 ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ Amẹ́ríkà tó fagi lé ìdájọ́ náà. Kò sí owó, ilẹ̀ tàbí iṣẹ́ tí Hamilton fẹ́ gbà níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ oríire kò tiẹ̀ ní ojú ewé tí yóò kọ ọ́ sí. Lójú ẹ̀kọ́ àjọṣe, gbogbo rẹ̀ ló pé síbẹ̀: iyì tí wọ́n fi dù ú, ẹ̀hónú rẹ̀ tí wọn kò kà sí, àti àṣẹ adájọ́ tí wọ́n fi tì í lẹ́yìn.

Òfin tó dára lórí ìwé kò sì tó. Ní Íńdíà, ìgbìmọ̀ aṣòfin Bombay pinnu lọ́dún 1923 pé kí àwọn ibi omi ìjọba di ti gbogbo èèyàn, títí kan àwọn tí ètò kásìtì, tó ń fi ìbí pín èèyàn sí ipò, sọ pé a kò gbọ́dọ̀ fara kàn. Ìlú Mahad gba ìpinnu náà wọlé lọ́dún 1924. Àmọ́ àwọn tí wọ́n ṣí omi sílẹ̀ fún kò láyà láti lọ pọn ọ́n. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹta ọdún 1927, B. R. Ambedkar, agbẹjọ́rò kan tí òun náà jẹ́ ọ̀kan lára wọn, kó ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́yìn lọ sétí adágún Chavdar, ó bu omi náà mu, àwọn náà sì bù ú mu. Àwọn tó wà ní kásìtì òkè lù wọ́n lọ́jọ́ yẹn, wọ́n sì ṣètùtù láti fi wẹ omi náà mọ́. Ó di ọdún 1937 kí ẹjọ́ lórí omi náà tó parí nílé ẹjọ́ gíga Bombay, tí wọ́n dá àwọn ọmọlẹ́yìn Ambedkar láre. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ pé àwọn ti ń wà láàyè látọjọ́ yìí láìmu omi Chavdar. Àwọn lọ mu ún kí ayé lè mọ̀ pé èèyàn ni àwọn náà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ parí ìwé òfin orílẹ̀-èdè Íńdíà ní oṣù Kọkànlá ọdún 1949, ó kìlọ̀ fún àwọn aṣòfin pé orílẹ̀-èdè náà ń wọ ìgbésí ayé tó tako ara rẹ̀: ìdọ́gba nídìí ìbò, àìdọ́gba láwùjọ àti nínú ọrọ̀ ajé. Abala 17 òfin náà ní kí ìwà àìfarakanni yẹn dópin. Ẹni tó bá mọ ìtàn Mahad mọ ìdí tí abala kan kò fi lè dá iṣẹ́ náà ṣe.

Ẹ ò ní ṣì mí gbọ́ pé ọdún 1999 ni èrò yìí dáyé. Nínú àríyànjiyàn Putney, tí àwọn ọmọ ogun ilé aṣòfin Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe lọ́dún 1647, ọ̀gágun Thomas Rainsborough sọ pé ẹni tó tálákà jù lọ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ayé láti gbé bíi ti ẹni tó tóbi jù lọ. Rousseau kọ̀wé lórí rẹ̀ lọ́dún 1755, Mary Wollstonecraft sì gbé e wọnú ilé lọ́dún 1792, sáàárín ọkọ àti aya, níbi tí àwọn ọkùnrin tó ń pariwo òmìnira kò fẹ́ kó dé. Ohun tó jẹ́ tuntun ni pé àwọn onímọ̀ ilé ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n ti ń ṣírò ìpín láti ọdún 1971 wá rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ibi tó le jù ni ti àṣẹ. Kò sí àwùjọ tí kò ní àṣẹ. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ abẹ gbọ́dọ̀ lè sọ pé “mú un wá” kí wọ́n mú un wá lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dìbò. Niko Kolodny ló ṣiṣẹ́ jù lórí ohun tó ya irú àṣẹ yìí sọ́tọ̀ kúrò lára ti ọ̀gá àti ẹrú. Ó ní àwọn nǹkan kan wà tó ń dín oró àṣẹ kù: bóyá ó ní ibi tó mọ àti àkókò tó mọ, bóyá ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ lè fi ibẹ̀ sílẹ̀ láìsí pé ayé rẹ̀ bàjẹ́, bóyá ipò ló ń pàṣẹ tí kì í ṣe ẹni tó wà nípò, bóyá aláṣẹ gbọ́dọ̀ jíhìn fún àwọn tó ń pàṣẹ fún, àti bóyá níbòmíì, bíi nídìí ìbò, àwọn méjèèjì jẹ́ ẹgbẹ́. Dókítà yege nínú èyí tó pọ̀ jù. Ọ̀gá tó lè dá òṣìṣẹ́ dúró lónìí nítorí ohun tó kọ lórí Facebook lálẹ́ àná, nílùú tí kò sí iṣẹ́ mìíràn, kò yege nínú ìkankan. Anderson kọ odindi ìwé lórí irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2017. Ó ní ìjọba ni agbára ibi iṣẹ́, àfi pé àwọn tó ń ṣàkóso lé lórí kò dìbò yàn án.

Ní Jámánì, wọ́n ti gbìyànjú láti wá nǹkan ṣe sí i. Òfin ọdún 1976 sọ pé ilé iṣẹ́ ńlá tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá ju 2,000 lọ gbọ́dọ̀ fi ìdajì àga ìgbìmọ̀ alábòójútó sílẹ̀ fún aṣojú òṣìṣẹ́. Láàárín 500 sí 2,000, ìdá kan nínú mẹ́ta ni. Àwọn tó ń yìn ín kì í sábà dárúkọ apá tó kù: bí ìbò bá dọ́gba lápá méjèèjì, tí wọ́n sì tún un dì tó ṣì dọ́gba, alága ní ìbò méjì, ọ̀dọ̀ àwọn tó ni ìpín ìdókòwò sì ni alága ti sábà máa ń wá. Nítorí náà, ìdajì yẹn kò pé ìdajì. Lójú tèmi, èyí tó kéré ló wúlò jù. Ibi iṣẹ́ tó bá ti ní òṣìṣẹ́ márùn-ún tó ń ṣiṣẹ́ déédéé lè yan ìgbìmọ̀ òṣìṣẹ́, bí irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ bá sì wà, ọ̀gá gbọ́dọ̀ gbọ́ tẹnu rẹ̀ kó tó dá ẹnikẹ́ni dúró. Bí kò bá gbọ́ ọ, ìdádúró náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Kò dí i lọ́wọ́ pé kó má dá a dúró o. Ohun tó sọ ọ́ di dandan ni pé kó sọ ìdí rẹ̀ létí ẹni tó lè bi í léèrè.

Ètò kọ̀ǹpútà wá da ìyẹn rú. Bí ètò kan bá ń pín iṣẹ́ fún awakọ̀, tó ń fún un ní máàkì, tó sì pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ láàárín òru, kò sí ọ̀gá tí yóò wò lójú. Àṣẹ wà níbẹ̀, ẹni tó ń jíhìn ni kò sí. Òfin iṣẹ́ orí ìkànnì tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe lọ́dún 2024 sọ pé ètò kọ̀ǹpútà kò gbọ́dọ̀ dá pinnu láti lé òṣìṣẹ́. Èèyàn gbọ́dọ̀ wà nídìí rẹ̀, òṣìṣẹ́ sì lè béèrè àlàyé. Àwọn orílẹ̀-èdè ọmọ ẹgbẹ́ ní títí di oṣù Kejìlá ọdún 2026 láti sọ ọ́ di òfin ilẹ̀ wọn. Ibi tó ti rọrùn láti bàjẹ́ ni pé wọ́n lè fi èèyàn kan síbẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa tẹ “ó dára” sí gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà bá sọ. Ìbéèrè tó yẹ ní bíbéèrè ni bóyá ẹni náà láṣẹ láti yí ìpinnu padà, àti bóyá wọ́n fún un lákòókò tó fi lè ka ẹjọ́ kan tán.

Èyí tún rán wa létí ẹ̀tàn kan tó wọ́pọ̀. Ní Sweden, láti ìparí àwọn ọdún 1960, wọ́n pa oyè àti ọ̀rọ̀ ìkíni onípò tì, gbogbo èèyàn di “du”, ìyẹn “ìwọ”, fún ara wọn. Lọ́dún 1967 ni Bror Rexed, olórí àjọ ìlera ìjọba, sọ fáwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé òun yóò máa fi orúkọ àbísọ pè wọ́n. Ìyípadà gidi ni, ó sì ti pẹ́. Àmọ́ iyì nìkan ló fọwọ́ kàn. Ilé iṣẹ́ òde òní tí ọ̀gá ti ń wọ ṣòkòtò jíìnsì, tí gbogbo wọn ń pe ara wọn lórúkọ, lè jẹ́ ibi tí ọ̀gá yẹn ti ń fi ìlà kan lórí fóònù lé ọgọ́rùn-ún èèyàn. Mo tilẹ̀ rò pé ó léwu ju ti ọ̀gá tó ń wọ kóòtù lọ, nítorí kì í jẹ́ kéèyàn tètè mọ ibi tí àṣẹ wà.

Ẹni tó bá sọ pé ìka kò dọ́gba kò tíì dá ẹ̀kọ́ yìí lóhùn. Kò sẹ́ni tó ní kí gígùn wọn dọ́gba. Wọ́n ní bí ọbẹ bá gé ọmọńdinrín, kó má ṣe jẹ́ pé a ò ní kà á sí nítorí pé òun ló kéré jù. Ohun tí Samuel Scheffler, ẹlẹ́kọ̀ọ́ àjọṣe mìíràn, sọ sún mọ́ èyí: láàárín ọlọ́gbọọgba, ohun tó ṣe pàtàkì fún èkejì máa ń wúwo nínú ìpinnu mi bíi tèmi gan-an. Ìyẹn gba ọgbọ́n, kò sì sí òfin tó lè fi tipá mú ọ̀rẹ́ tàbí tọkọtaya ṣe é.

Èyí tó ń yọ ẹ̀kọ́ àjọṣe lẹ́nu ju ìyẹn lọ ni ìbéèrè pé eélòó ni owó tó tó. Anderson ní kí oníkálukú ṣáà ti ní tó láti lè dúró gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìlú láàárín ọmọ ìlú. Bí a bá kọjá ibẹ̀, kò ṣe é ní nǹkan kan kí ẹnì kan ní ju ẹnì kan lọ. Àmọ́ ìwádìí Whitehall tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1967, lórí àwọn ọkùnrin tó lé ní 17,000 tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jẹ́ kí ìyẹn ṣòroó gbé mì. Wọ́n rí i pé àwọn tó wà nípò ìsàlẹ̀ pátápátá ń kú ní bí ìlọ́po mẹ́ta àwọn tó wà lókè, àti pé ipò kọ̀ọ̀kan burú ju èyí tó wà lókè rẹ̀ lọ. Kò sí òtòṣì nínú wọn. Sìgá mímu àti irú rẹ̀ ṣàlàyé díẹ̀ nínú ìyàtọ̀ náà, kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Kò fi hàn dájú pé ipò fúnra rẹ̀ ló ń pa wọ́n, àmọ́ ó mú kí ó ṣòro láti sọ pé ohunkóhun tó bá wà lókè ìwọ̀n “tó” kò jẹ́ nǹkan kan.

Apá kan sì wà tí ẹ̀kọ́ àjọṣe kò tíì rí ojútùú rẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ lórí àwọn tó ní àjọṣe. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ránṣọ ní ilẹ̀ òkèèrè àti ẹni tó rà á ńkọ́, tí wọn kò ní fojú kan ara wọn láé? Iris Marion Young, onímọ̀ ọgbọ́n orí ìṣèlú, sọ pé àjọṣe wà níbẹ̀ dáadáa, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ wọn pàdé nínú ètò kan náà tó ń ṣe ọ̀kan níbi. Ìyẹn ṣeé gbà. Àwọn tí wọn yóò bí ní igba ọdún sí i ló le jù: ohun tí à ń ṣe lónìí ń pinnu ayé wọn, àwọn kò lè dá wa lóhùn, kò sì sí ọ̀nà tí wọ́n lè gbà di ẹgbẹ́ wa. Níbẹ̀, ó ṣe é ṣe kó jẹ́ ẹ̀kọ́ oríire, tó ń wo ohun tí oníkálukú bá nílẹ̀ nìkan, ló ní ohun láti sọ. Kasper Lippert-Rasmussen jiyàn lọ́dún 2018 pé ìdọ́gba nílò méjèèjì. Àwọn tó wà lẹ́yìn Anderson kò tíì gbà fún un.